Bàbá Olómi Ní Kí A Má Fi Omi Wẹ Òun

Ọjọ́ mẹ́ta kí bàbá àgbà mi tó kú, ó pe bàbá mi àti èmi wọ yàrá rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Àìlà, ó ní kí a pa ilẹ̀kùn dé. Ògiri ni ó kọjú sí. Kò yíjú sí wa títí tó fi sọ̀rọ̀ náà tán.

"Bí mo bá kú, ẹ má fi omi wẹ̀ mí. Yanrìn ni kí ẹ fi ṣe é. Yanrìn ni mo fi ṣe é fún Sáká."

Bàbá mi ní, "Bàbá, irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn? Omi wà nílé."

"Mo mọ̀ pé omi wà nílé," ni ó dáhùn. "Omi wà nílé Sáká náà."

Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo àdúgbò Gàmbàrí ń pè ní Bàbá Olómi. Kàrímù ni orúkọ rẹ̀, ahunṣọ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe aṣọ òfì ni àwọn ènìyàn fi mọ̀ ọ́n. Òun ni olórí àwọn tó ń wẹ òkú nínú Ẹgbẹ́ Àjọwẹ̀, ó sì ti wà lórí ipò yẹn kí wọ́n tó bí mi. Òkú tí ó ti wẹ̀ ní Ìlọrin àti ní àwọn abúlé tó yí i ká pọ̀ débi pé òun fúnra rẹ̀ kò rántí iye wọn mọ́. Òwúrọ̀ Àlàmísì kan ni ó kú, nígbà tí ìjọba ológun ń múra àtigbé agbára sílẹ̀. Kí oòrùn tó gòkè, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti pé sí iwájú ilé wa. Garawa omi wà nílẹ̀, kànrìnkàn wà, aṣọ funfun wà. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án.

Ààfáà tó ń ṣe àdúrà fún ẹgbẹ́ là á mọ́lẹ̀ fún wọn. Ó ní níbi tí omi bá wà, tí omi náà kò sì ní pa ẹnikẹ́ni lára, yanrìn kò tó, ìbúra ẹnìkan kò sì lè sọ ọ́ di ohun tó tó. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà dá a lóhùn.

"Ààfáà, ẹ̀yin lẹ mọ ìwé. Ṣùgbọ́n ìbúra ló kó wa jọ. Ẹni tó bá da omi sí ẹni tó búra pé òun kò fẹ́ omi, ta ni yóò wẹ òun náà lọ́la?"

Báyìí ni wọ́n ṣe jókòó. Ẹni tó ti wẹ ìdajì àdúgbò wà nínú yàrá láìwẹ̀, oòrùn sì ń mú sí i. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní yé ẹnikẹ́ni bí n kò bá kọ́kọ́ sọ irú ènìyàn tí ó jẹ́. Mo ti dàgbà ju ọjọ́ orí tó fi kú lọ báyìí. Bí èmi kò bá sọ ọ́, kò ku ẹni tí yóò sọ ọ́.

Omi ni ó fi ń wọn gbogbo nǹkan. Búútà rẹ̀ kì í jìnnà sí ibi tó ti ń hun aṣọ lábẹ́ igi ọ̀dán iwájú ilé. Kì í mu omi lórí ìdúró. Yóò jókòó, yóò fi ọwọ́ méjèèjì di ife mú, yóò mu ún tán. Bí ó bá rí ọmọdé tó da omi tó ṣẹ́kù nínú ife sí ojú ọ̀nà, yóò pè é padà, yóò bu òmíràn fún un, yóò ní kó lọ dà á sí ìdí ewédú lẹ́yìnkùlé. Kò ní bú ọmọ náà, kò ní nà án. Yóò kàn máa wò ó títí yóò fi dé ìdí ewédú.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i lẹ́nu iṣẹ́, mo ti parí ilé ìwé girama. Bàbá arúgbó kan tó ń ta màlúù kú sí agbo ilé wa, wọ́n sì gbé omi gbígbóná wá. Bàbá Àgbà ká apá ẹ̀wù sókè, ó ti ìgunpá bọ omi náà, ó dúró díẹ̀, ó yọ ọ́, ó ní kí wọ́n bu omi tútù sí i. Wọ́n bù ú. Ó tún ti ìgunpá bọ̀ ọ́, ó ní ó kù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó di garawa mú rọra sọ pé, "Bàbá, òkú mà ni. Ṣé ara rẹ̀ á bó ni?" Àwọn méjì tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró títí omi náà fi rí bó ṣe fẹ́, kó tó dá a lóhùn.

"Òkú kò lè sọ pé omi gbóná. Àwa là ń bá a sọ ọ́."

Ó fẹ́ràn láti máa sọ bí ẹgbẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀, pàápàá nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá wà lára aṣọ, tí kò ní láti wo ojú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Láyé bàbá rẹ̀, àwọn ọkùnrin máa ń ti abúlé wá ṣiṣẹ́ nígboro lẹ́yìn ìkórè. Àwọn kan ń ru ẹrù, àwọn kan ń hun aṣọ, àwọn kan ń da màlúù. Ọ̀kan nínú wọn ṣubú lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù obì rẹ̀ ní Ọjà-Ọba láàárọ̀, ó kú. Kò sí ẹni tó mọ abúlé rẹ̀. Títí di ìrọ̀lẹ́, àwọn ọlọ́jà ń yà fún un bí wọ́n ṣe ń yà fún òkúta. Nígbà tó yá, ọkùnrin méjì tí wọn kò mọ ara wọn rí, ọ̀kan ará oko lápá Àfọ̀n, èkejì darandaran, gbé e, wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n sin ín. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, tí wọ́n ń fọ ọwọ́ nínú igbá kan náà, ọ̀kan bi èkejì pé, "Ìwọ ńkọ́? Ta ni yóò wẹ̀ ọ́?"

Inú igbá yẹn ni ẹgbẹ́ ti jáde. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé kò lè dá wọlé. Méjì méjì ni wọ́n ń gba ènìyàn, wọ́n á ti ọwọ́ bọ omi kan náà, ẹnì kọ̀ọ̀kan á sì sọ fún èkejì pé, "Bí o bá ṣíwájú, èmi ni n ó wẹ̀ ọ́." Ìkejì ni wọ́n ń pe ara wọn láti ọjọ́ náà. Ẹgbẹ́ tẹ̀lé àwọn ọmọ Ìlọrin lọ sí Ọ̀ffà, sí Jẹ́bbà, sí Ògbómọ̀ṣọ́, ibikíbi tí òwò àti rélùwéè bá gbé wọn dé. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú sí Jẹ́bbà, tí ìkejì rẹ̀ wà nílé, wọ́n á ránṣẹ́ pè é, wọ́n á dúró dè é tí oòrùn kò bá ní wọ̀. Bí kò bá lè dé, ẹlòmíì á dúró fún un, ṣùgbọ́n orúkọ ìkejì ni yóò pè nígbà tó bá ń da omi àkọ́kọ́.

Kì í ṣe òkú nìkan ni wọ́n ń ṣe. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, wọ́n á yí gbogbo ilé opó ká, wọ́n á pààrọ̀ páànù tó jò. Bí àìsàn bá dá ọmọ ẹgbẹ́ gúnlẹ̀, wọ́n á lọ roko rẹ̀. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n jẹ́ onígbàgbọ́, tí wọ́n ń ṣòwò nílùú wa, kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n tí ọ̀kan nínú wọn bá kú, àwọn ènìyàn Bàbá Àgbà ló ń bá wọn gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n á sì dúró lẹ́yìn ògiri títí orin ìsìnkú á fi tán. Mo bi í nígbà kan bóyá ìjọba ti kọ orúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì ní Ìbàdàn nígbà yẹn, mo rò pé ohun tí ìjọba kò bá kọ sílẹ̀ kò sí.

Ó ní, "Ìjọba kò mọ̀ wá. Òkú mọ̀ wá."

Sáká ni ìkejì rẹ̀. Obì ni Sáká ń tà, ó sanra, ó lẹ́rìn-ín, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kò sí ohun tó lè bà á nínú jẹ́. Bàbá Àgbà gbẹ, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀, ilé Sáká ni wọ́n ti ń jẹun, èmi náà sì máa ń bá wọn lọ nígbà ìsinmi.

"Kàrímù," ni Sáká á wí, "o ti gbẹ bí ẹran tí wọ́n sá sórí páànù. Ife omi kan ni n ó fi wẹ̀ ọ́, n ó sì fi ìyókù ṣe àlùwàlá."

"Ìwọ ńkọ́? Ikùn yẹn nìkan. Kí n tó fi kànrìnkàn yí i ká, wọ́n á ti pe ìrun Màgàríbà."

"O ti rí i báyìí. Ìdí tí mo fi ń jẹun nìyẹn. Mi ò fẹ́ kí o sin mí lọ́fẹ̀ẹ́, mo fẹ́ kí o ṣiṣẹ́."

Ìyàwó Sáká, Ìyá Àmínà, á gbé ọbẹ̀ kalẹ̀ láàárín wọn. "Ọkọ mi," ni ó máa ń pe bàbá àgbà mi, bí ìyàwó ṣe ń pe ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀. "Ọkọ mi, ẹ jẹun kó má tutù. Òkú kò ní sá lọ."

Sáká á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá Àgbà náà á rẹ́rìn-ín, n kò sì rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ níbòmíràn.

Ṣùgbọ́n ó le. N kò ní parọ́ mọ́ òkú. Àwọn tó ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní rere lónìí kò rántí Yísà. Bíríkìlà ni Yísà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pè é sí ìsìnkú kan, kò wá, nítorí pé ìyàwó rẹ̀ ń rọbí lọ́jọ́ náà, kò sì sí ẹlòmíì lọ́dọ̀ rẹ̀. Òfin ẹgbẹ́ ni pé ẹni tí a bá pè sí òkú tí kò wá, a kò ní kí i, a kò sì ní wọ ilé rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ìyàwó rẹ̀ bímọ, ọjọ́ kẹjọ tí wọn yóò sọ ọmọ náà lórúkọ sì bọ́ sí àárín rẹ̀. Yísà wá sí iwájú ilé wa, ó jókòó sórí ilẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí ẹgbẹ́ wá bá òun sọ ọmọ lórúkọ. Bàbá Àgbà ń hun aṣọ lọ. Kò gbé ojú sókè.

Sáká ló bá a bẹ̀bẹ̀. "Kàrímù, aboyún ló gbé dání. Ṣé kó fi í sílẹ̀ ni?"

"Òkú náà ní ìyàwó."

"Ọmọ tuntun kò ṣẹ ẹgbẹ́."

"Bí a bá yọ òfin náà fún Yísà, a ó yọ ọ́ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìwọ bá kú, Sáká, wọ́n á ní àwọn ń jẹun lọ́wọ́."

Wọ́n sọ ọmọ Yísà lórúkọ láìsí ẹnìkan nínú ẹgbẹ́. Ìgbà tí Yísà dìde lórí ilẹ̀ yẹn, ó gbọn ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá." Ohun tó wí náà nìyẹn.

Kò pé ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ tí onígbáméjì wọ ìlú. Mo wà nílé fún ìsinmi. Ọjà ni a ti kọ́kọ́ ń gbọ́ ọ, lẹ́yìn náà ó wọ agbo ilé. Yísà bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ nígbà tí wọ́n ń kírun Àsùbáà. Kí wọ́n tó pe Àìlà, ó ti kú, ojú rẹ̀ sì ti jìn wọnú bí ojú arúgbó.

Mo bá Bàbá Àgbà níwájú ilé níbi tó ti ń wá búútà rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ohun tó pa á wà nínú ohun tó ń jáde lára rẹ̀. Ẹni tó bá wẹ̀ ẹ́ lè kó o. Ẹ jẹ́ kí àwọn wolé-wolé dé ná."

Oríkì mi ni ó fi pè mí. "Àlàbí, ìwé rẹ mọ àrùn. Kò mọ Yísà. Mo fìyà jẹ ẹ́ láàyè. N kò ní fìyà jẹ òkú rẹ̀."

Ǹ bá ti pariwo. Ǹ bá ti di aṣọ rẹ̀ mú, kí n ké sí bàbá mi, kí n lọ pe Ààfáà. Ṣùgbọ́n àgbà ti sọ̀rọ̀, mo sì dìde lórí orúnkún mi, mo bá a gbé garawa dé ẹnu ọ̀nà. Ìkejì Yísà ti sá lọ sí oko nítorí àìsàn náà, nítorí náà Bàbá Àgbà ránṣẹ́ pe Sáká kó wá ràn án lọ́wọ́. Sáká ló di orí òkú náà mú. Wọ́n wẹ̀ ẹ́ nígbà mẹ́ta, wọ́n fọ gbogbo ìdọ̀tí ara rẹ̀ dáadáa, bí wọn kò ṣe ní í fọ̀ ọ́ bí ó bá jẹ́ pé ikú mìíràn ni.

Àṣìṣe tó tẹ̀lé e, kò sí ẹlòmíì tó lè ṣe é bí kò ṣe Ẹgbẹ́ Àjọwẹ̀. Àṣà wọn ni pé omi tí a fi wẹ òkú kò gbọdọ̀ jáde kúrò nínú ilé rẹ̀, kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni má baà tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á gbẹ́ kòtò sínú agbo ilé, wọ́n á dà á síbẹ̀, wọ́n á bò ó. Agbo ilé Yísà kéré. Ibi kan ṣoṣo tó ṣófo nínú rẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ kànga. Ibẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ kòtò náà sí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pẹ̀lú àdúrà. Kí Jímọ̀ọ̀ kejì tó dé, ènìyàn mẹ́rin ti kú nínú ilé yẹn. Ọmọ tí ẹgbẹ́ kò bá sọ lórúkọ wà nínú wọn.

Àwọn wolé-wolé dé, wọ́n fi pákó dí kànga, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wẹ òkú mọ́. Ààfáà sọ fún ẹgbẹ́ pé ẹ̀sìn ti fàyè sílẹ̀ fún irú èyí, pé níbi tí omi bá lè pa alààyè, kí a fi ọwọ́ lu yanrìn mímọ́, kí a fi pa ojú àti ọwọ́ òkú náà, ó ti tó. Bàbá Àgbà gbọ́. Orí rẹ̀ wà nílẹ̀. Ó ní, "Ó dáa." Ìgbà yẹn, Sáká ti wà lórí ẹní.

Ọjọ́ kan àti ààbọ̀ ni Sáká lò. Nígbà tí wọ́n pè wá, ó ti kú, gbogbo ọ̀rá ara rẹ̀ ti lọ, n kò sì mọ̀ ọ́n mọ́. Wolé-wolé kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀dọ́ ni, ó sì ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ márùn-ún wà nínú ilé yìí. Bí ẹ bá da omi sí i, ẹ ó padà wá sin wọn." Bàbá Àgbà gbé garawa tó ti gbé wá kalẹ̀. Ó lu yanrìn, ó fi pa ojú Sáká. Ó tún lù ú, ó fi pa ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dé ọrùn ọwọ́. Ó tán. Kò pẹ́ tó ìgbà tí ènìyàn fi ń mu ife omi kan. Wọ́n dì í.

Ohùn Ìyá Àmínà jáde láti ẹ̀yìn aṣọ tí wọ́n ta sí ẹnu ọ̀nà yàrá kejì. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, kò fi orúkọ pe bàbá àgbà mi rí.

"Kàrímù, ṣé omi ti tán nílùú ni?"

Bàbá Àgbà tẹ̀lé òkú jáde. Ní ojú sàréè, lẹ́yìn tí wọ́n bo Sáká tán, ó dojú kọ gbogbo ẹgbẹ́, ó fi Ọlọ́run búra pé ohun tí òun fi ṣe Sáká ni wọn yóò fi ṣe òun, pé ẹni tó bá da omi sí òun lára kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Gbogbo wọn gbọ́ ọ. Ohun tó di wọ́n lọ́wọ́ lọ́jọ́ ikú rẹ̀ nìyẹn.

Àṣà kan tún wà tí n kò tíì sọ. Kí ọjọ́ kẹjọ tó pé, ìkejì ni yóò lọ jókòó lórí ẹní opó, yóò sọ fún un bí ọkọ rẹ̀ ṣe rí nígbà tó ń wẹ̀ ẹ́, bóyá ojú rẹ̀ fara balẹ̀, bóyá ara rẹ̀ rọ̀. Bàbá Àgbà kò lọ. Ọjọ́ kẹjọ kọjá, ogójì ọjọ́ kọjá, ọdún yípo, kò lọ. Ó ń rán ẹgbẹ́ lọ. Páànù ilé Ìyá Àmínà ni wọ́n ń kọ́kọ́ tún ṣe lọ́dọọdún. Oko Sáká kò fi ìgbà kankan kún fún koríko. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi Àmínà fọ́kọ, òun ló yan àwọn tó lọ dúró fún un. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ ilé náà.

Ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Àwọn ọ̀dọ́ kò wọlé mọ́. Àwọn mìíràn sọ pé àwọn kò fẹ́ kú ikú Sáká, àwọn mìíràn lọ sí Èkó àti Kàdúná, níbi tí owó epo wà. Mo ti ń ṣe olùkọ́ ní Kàdúná nígbà tí mo wá sílé tí mo bá a lábẹ́ igi ọ̀dán rẹ̀, tí mo sì gbóyà láti sọ ọ́.

"Bàbá, ẹ kúkú lọ kí i. Kò jìnnà."

"Kí ni n ó sọ fún un? Pé mo wẹ̀ ẹ́?"

"Ẹ kàn jókòó."

Ó hun aṣọ díẹ̀ sí i. Ó wá ní, "Ìbúra mi ń kí i lójoojúmọ́."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ńlá ni. Mo kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan tí mo máa ń gbé sápò.

Lọ́jọ́ Àlàmísì yẹn, nígbà tí Àìlà ti kọjá tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì dìde, Ààfáà pe bàbá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ẹ rán ẹnìkan sí obìnrin náà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni yóò sọ omi di ẹ̀tọ́, ó ti jẹ́ ẹ̀tọ́ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ̀rọ̀, ọwọ́ àwọn ènìyàn yìí á tú." Èmi ni wọ́n rán.

Ìyá Àmínà ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ. Ó ti gbọ́. Mo kúnlẹ̀, ó kí mi kú ọ̀fọ̀, ó ní kí n dìde jókòó sórí ẹní. Mo sọ ohun tí wọ́n ní kí n sọ, pé Bàbá búra nítorí rẹ̀, pé bí ó bá lè yọ̀ǹda, kí a lè wẹ̀ ẹ́ kí Àsàrì tó kọjá.

Kò dáwọ́ ẹ̀wà ṣíṣà dúró. "Ta ló ní kó búra?"

Mo wo ẹ̀wà tó wà lórí àtẹ, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Mo bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́jọ́ náà, nítorí pé orí mi gbóná. Èmi náà mọ̀ pé wolé-wolé wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo mọ̀ pé nítorí àwọn ọmọ mi ni. Ká ní ó wá lọ́jọ́ kejì, ǹ bá ti sọ fún un." Ó ju òkúta kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́. "Mo tẹ́ ẹní dè é fún ọjọ́ mẹ́jọ. Gbogbo obìnrin tó wà nílé yìí ń wò mí. Àwọn tó rán wá ń kan páànù, mò ń gbọ́ òòlù wọn lórí mi, mò ń bi ara mi pé, ẹni tó rán wọn dà? Ìbúra ló ń gbé kiri. Kò gbé ẹsẹ̀ wá sílé mi."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì í."

"Ẹ wẹ̀ ẹ́. Omi kì í ṣe tèmi. Ṣùgbọ́n má ní kí n dárí jì í lónìí, Àlàbí. Wọn kì í fi ìkánjú gba ìyẹn lọ́wọ́ ènìyàn."

Mo dìde. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó tún pè mí.

"Ìwọ lo máa wẹ̀ ẹ́?"

"Èmi àti bàbá mi."

"Bàbá Àmínà ni ì bá wẹ̀ ẹ́. Nígbà tí o bá ṣe tán, kí o wá jókòó síbí, kí o sọ fún mi bí ó ṣe rí. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ jókòó lórí ẹní yìí."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí àlejò dínkù. N ó wá kí ọjọ́ kẹjọ tó pé."

Nígbà tí mo padà délé, gbogbo wọn dìde dúró. Àgbà tó ti bá Ààfáà sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ni ó bi mí. "Kí ló wí?"

"Ó ní kí a wẹ̀ ẹ́."

"Ó dárí jì í?"

Mo wo garawa, mo wo oòrùn. Mo ní, "Ó dárí jì í."

Wọ́n ní Alíámúdù lílà. Ẹnìkan sunkún. Àwọn mìíràn gbé omi wọlé, bàbá mi di orí rẹ̀ mú, èmi ni mo da omi. Mo pe orúkọ Sáká nígbà tí mo da ti àkọ́kọ́, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ara rẹ̀ kò rọ̀. Ojú rẹ̀ kò fara balẹ̀. Iwájú orí rẹ̀ ká jọ bí ti ẹni tó ń fetí sí ẹnu ọ̀nà, gbogbo omi tí mo dà sí i kò sì tú u.

A kírun sí i lára lẹ́yìn Àsàrì, a sin ín. Láti mọ́ṣáláṣí dé ojú sàréè, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń sọ ọ́ fún ara wọn pé Ìyá Àmínà ti dárí jì í, pé obìnrin rere ni. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ènìyàn tó ju mẹ́wàá lọ. Mo mọ̀ pé kí ilẹ̀ tó ṣú, yóò dé etí òun náà.

Lójoojúmọ́ ni mo ń sọ pé n ó lọ. Àlejò wà lọ́jọ́ kejì. Àdúrà wà lọ́jọ́ kẹta. Lọ́jọ́ kẹfà mo wẹ̀, mo wọ aṣọ, mo jókòó sí iwájú ilé títí oòrùn fi wọ̀. Kí ni n ó sọ fún un? Mo ti gbé ọ̀rọ̀ tí kò sọ sí i lẹ́nu, ní ìlú tó ń gbé. Wọ́n ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ, wọ́n pín sàárà. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo gbé báàgì mi, mò ń lọ sí gáréèjì láti wọ ọkọ̀ Kàdúná. Ọ̀nà tó yá gba iwájú ilé Sáká kọjá. Mo gba ẹ̀yìn Ọjà-Ọba.